Iṣẹ́ Ẹ̀gbọ́n ní Ọwọ́ Àbúrò

Nígbà tí àgbà kan bá sùn nínú Olúwa ní Yemẹtu níhìn-ín, gbogbo wa ni a mọ ohun tí ń tẹ̀ lé ìsìnkú. Ẹbí a péjọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn a tú àpótí aṣọ, wọn a ka agbádá àti bàtà, wọn a wá ìwé ilẹ̀ kàn, wọn a sì bèèrè ẹni tí ó jẹ olóògbé ní gbèsè àti ẹni tí olóògbé jẹ. Àpótí kan ṣoṣo ni kì í ní olùpín, èyí náà sì ni àpótí ìwé. Ìwé tí kò bá ti ní òǹtẹ̀ ìjọba lára, tí ó jẹ́ pé olóògbé ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ ní alaalẹ́, pàǹtírí ni a ń pè é. Àwa ti fi ojú wa rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ alákàrà, tí ó fi ń wé àkàrà fún àwọn ọmọ ilé ìwé.

Ní ọjọ́ òní, kì í ṣe inú àpótí nìkan ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan lè dá jókòó ti kọ̀ǹpútà ní òru, kí ó máa dá eré kan sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, irú èyí tí àwọn ọmọ ń ṣe lórí fóònù, láìsí ilé iṣẹ́ kan tí ó rán an, láìsí ẹni tí ń san owó oṣù fún un. Òun ni yóò ya àwòrán, òun ni yóò ro ìtàn, òun ni yóò wá orin sí i. Bí ikú bá dé bá a nígbà tí eré náà kù díẹ̀ kí ó parí, kí ni kí àwọn ará ilé rẹ̀ ṣe? Ta ni ó yẹ kí ó gbé iṣẹ́ náà? Bí ẹlòmíràn bá sì parí rẹ̀, ti ta ni a ó pè é, ti òkú ni tàbí ti alààyè?

Àwọn kan rò pé ọ̀ràn tuntun ni èyí, tí àwọn baba wa kò rí irú rẹ̀ rí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti bá àwọn ọmọ ìyá méjì kan, tí ọ̀kan nínú wọn ṣe iṣẹ́ ní Àrẹ̀mọ, tí kò jìnnà sí wa ní Yemẹtu. Ohun tí ó sì ti inú ọ̀ràn náà jáde ni ìwé ńlá tí ẹnikẹ́ni tí ń wá ìtàn Yorùbá kò lè fò dá, èyí tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí a sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ogún ọdún gbáko lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ó ń tọ́ka sí ìwé náà nígbà tí wọ́n bá ń jà sí oyè tàbí sí ààlà. Àwọn tí ó ń ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí àbúrò rẹ̀ kọ sí iwájú rẹ̀ kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni inú ọ̀rọ̀ kúkúrú náà gan-an ni ìtàn tí a fẹ́ sọ fún yín ní ọ̀sẹ̀ yìí wà.

A bí Samuel Johnson ní Hastings, ní ilẹ̀ Sàró, ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹfà ọdún 1846. Baba rẹ̀, Henry Erúgunjìnmí Johnson, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí òwò ẹrú gbé lọ, tí a sì tú sílẹ̀ sí Sàró. Ó sì ti ìran Aláàfin Abíọ́dún wá. Ní ọdún 1858, ìdílé náà bá Àlùfáà David Hinderer àti ìyàwó rẹ̀, Anna, wá sí Ìbàdàn, baba sì ń ṣe iṣẹ́ ìwé mímọ́ kíkà fún àwọn ènìyàn lábẹ́ Hinderer. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Samuel nígbà náà. Ní Kúdẹtì, nínú ọgbà òyìnbó náà, ni ó dàgbà, ibẹ̀ náà ni ó sì wà nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, tí ọ̀nà Èkó dí, tí ìyáàfin Hinderer fi ń ta ohun èlò ilé rẹ̀ kí àwọn ọmọ lè rí oúnjẹ jẹ. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Abẹ́òkúta. Ní 1866 ó ti di tíṣà ní Ìbàdàn. Ní 1875 ó di kátíkíìsì ní Àrẹ̀mọ, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́, tí í ṣe kàtídírà lónìí, wà.

Ẹni tí ó bá ti ṣe iṣẹ́ kátíkíìsì rí yóò mọ̀ pé iṣẹ́ náà kì í jẹ́ kí ènìyàn jókòó. Láàárọ̀ ilé ìwé, ní ọ̀sán àbẹ̀wò aláìsàn, ní ìrọ̀lẹ́ àdúrà àti ẹjọ́ tọkọtaya. Nínú gbogbo rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ C.M.S. ní láti máa kọ ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ tí a ó fi ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù: ẹni tí ó kú, ẹni tí ó ṣe ìrìbọmi, ogun tí ó jáde, ọ̀rọ̀ tí olóyè kan sọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka iṣẹ́ ìwé kíkọ yìí sí ẹrù. Ní ojú tiwa, òun ni ó kọ́ Samuel Johnson ní àṣà tí ó bí ìwé rẹ̀, àṣà kí ènìyàn gbọ́ ọ̀rọ̀ lónìí kí ó má sì sùn kí ó tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìlú tí ó sì ń gbé nígbà náà kún fún àwọn àgbà tí ó mọ nǹkan. Baba David Kúkọ̀mí wà nínú ìjọ Ìbàdàn, arúgbó tí ó ti rí àwọn ogun àtijọ́ fúnra rẹ̀, tí ó sì lè jókòó sọ wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Josiah Òní wà, oníṣòwò tí ó mọ ọ̀nà gbogbo. Lágúnjú, Tìmì Ẹdẹ, wà, ẹni tí a mọ̀ sí òpìtàn pàtàkì. Nígbà tí Johnson sì di díákónì ní 1880, tí ó sì lọ ṣe iṣẹ́ ìjọ ní Ọ̀yọ́ láti 1881, ó bá àwọn Arọ́kin pàdé ní ojúlé wọn, àwọn tí ìtàn jẹ́ iṣẹ́ ìdílé fún ní ààfin. Ogun Kírìjí ń lọ lọ́wọ́ ní gbogbo àkókò yìí. Kì í ṣe ẹni tí ó jókòó gbọ́ ìròyìn ogun náà; Aláàfin rán an níṣẹ́ lọ sí ọ̀dọ̀ gómìnà ní Èkó ní 1881, nígbà tí ó sì di 1886, òun àti Àlùfáà Charles Phillips ti Oǹdó ni ìjọba rán lọ sí àárín àwọn ọmọ ogun tí ó dojú kọ ara wọn, títí a fi ṣe àdéhùn àlàáfíà. Ẹni tí ó rìn láàárín àgọ́ méjì, tí ó sì jẹun ní ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì, ni ó kọ apá ìgbẹ̀yìn ìwé náà.

Ohun tí ó mú un kọ ọ́ kò fi ara sin. Ó rí i pé àwọn ọmọ Yorùbá tí ó kàwé mọ ìtàn Gẹ̀ẹ́sì, ti Róòmù àti ti Gíríìkì, wọn kò sì mọ ti baba wọn. Àwọn àgbà tí ó mọ̀ ọ́n sì ń kú lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 1897, ní Ọ̀yọ́, ó fi kálámù sílẹ̀. Iṣẹ́ nǹkan bí ogún ọdún ti parí.

Tàbí kí a wí pé ó rò pé ó ti parí. Ní 1899 a fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan tí ó ní orúkọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nípasẹ̀ ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì. Ọdún yípo, a kò gbúròó. Ní 1900, àbúrò Samuel, Dókítà Obadiah Johnson, wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì lọ bá òǹtẹ̀wé náà ní ilé iṣẹ́ rẹ̀. Ìdáhùn tí ó rí gbà ni pé ìwé náà ti ṣì sí ibì kan, pé a kò rí i mọ́, àti pé ilé iṣẹ́ náà ṣetán láti san owó rẹ̀.

Kí òǹkàwé wa dúró díẹ̀ sí ibi ọ̀rọ̀ yìí. A san owó rẹ̀! Bí ẹni pé ẹrù òwú ni ó bọ́ sínú omi. Dókítà náà kò gba owó kankan sí ọkàn rẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà pé ó jọ òun àti gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ òun lójú, tí wọ́n fi ń rò pé ohun kan wà lábẹ́ ọ̀ràn náà tí ojú kò rí. Àwọn àgbà wa ní, ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ṣùgbọ́n kò tọ́ka sí ẹnikẹ́ni, kò sì pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ó ní kí ọ̀ràn náà sinmi síbẹ̀. Àwa náà yóò jẹ́ kí ó sinmi síbẹ̀, nítorí pé ìfura kì í ṣe ẹ̀rí. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin ọdún 1901, Àlùfáà Samuel Johnson kú, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta. Ó kú láìrí ìwé rẹ̀, ìwé náà sì ti ṣáájú rẹ̀ lọ.

Nígbà tí Dáfídì Ọba fẹ́ kú, ó pe Sólómọ́nì ọmọ rẹ̀, ó sì fi àpẹẹrẹ tẹ́ḿpìlì lé e lọ́wọ́, yàrá nípa yàrá, pẹ̀lú ìwọ̀n wúrà àti fàdákà. Obadiah kò ní irú oore-ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rò pé ilé ti dúró. Kò sì sí ẹni tí í fi àpẹẹrẹ lé ènìyàn lọ́wọ́ fún ilé tí ó ti kọ́ tán.

Ta tilẹ̀ ni Obadiah? Ọdún mẹ́ta ni Samuel fi jù ú lọ. A bí òun náà ní Hastings, ní 1849. Iṣẹ́ oníṣègùn ni ó yàn. Ó kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Edinburgh, ó sì wà lára àwọn ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tí ó gba ìwé ẹ̀rí dókítà. Ó ṣe iṣẹ́ fún ìjọba Èkó láti 1889 títí dé 1897, ó sì jókòó nínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó láti 1901. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i: kì í ṣe òpìtàn, kò gbé lọ́dọ̀ àwọn Arọ́kin, kì í ṣe òun ni a rán lọ sí Kírìjí. Ìbátan ni ó fi iṣẹ́ náà lé e lórí. A máa ń wí pé bí iná bá kú, a fi eérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò ní láti kọ́ bí a ti í so èso lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni.

Òun fúnra rẹ̀ kò fi bò pé ẹ̀rù bà á. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ikú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó ń sá fún iṣẹ́ náà, nítorí ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ mú un rẹ̀wẹ̀sì, títóbi iṣẹ́ náà sì dẹ́rù bà á. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni ọ̀ràn wọn ń parí sí irú àkókò yìí. Kì í ṣe pé a kórìíra òkú, a kàn ń wí pé ọdún tí ń bọ̀. Ọdún tí ń bọ̀ a dé, a tún bí òmíràn, títí ẹni tí ó mọ ibi tí àpótí wà yóò fi lọ. Ohun tí ó jẹ́ kí Obadiah padà sí i, gẹ́gẹ́ bí ó ti wí, ni pé láti ìgbà dé ìgbà ohun kan a máa ṣẹlẹ̀ tí yóò fi hàn bí ìwé náà ti ṣe pàtàkì tó, àti pé ìtìjú tí ó sún mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni kí làálàá ọ̀pọ̀ ọdún ẹ̀gbọ́n òun ṣègbé.

Kí ni ó sì bá nínú àpótí? Èyí ni ọkàn ìtàn náà. Ìwé dáradára tí a fi ọwọ́ fífarabalẹ̀ kọ, tí a dì, tí a fi ránṣẹ́, òun ni ó sọnù. Ohun tí ó kù ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò kà sí: àwọn àkọsílẹ̀ wẹ́wẹ́ tí Samuel ń kọ nígbà tí ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, àti àwọn ìwé ìgbìdánwò tí ó kọ́kọ́ kọ kí ó tó tún wọn kọ. Inú àwọn wọ̀nyí ni Obadiah ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún gbogbo ìtàn náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ṣe pé Samuel jẹ́ onímọ̀ọ́tótó tí í fi iná sun ìwé àkọ́kọ́ nígbà tí èkejì bá ti mọ́, òǹkàwé, ìwé náà ì bá ti di ìgbàgbé.

Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sọ fún wa pé bákan náà ni ó rí nínú eré orí ẹ̀rọ. Eré tí a ti dì tán, tí ọmọdé lè ṣí kí ó máa ṣe, kò rọrùn láti túnṣe. A lè ṣe é, a kò lè rí inú rẹ̀. Ohun tí ẹni tí ó fẹ́ parí rẹ̀ nílò ni àkọsílẹ̀ ìpìlẹ̀, àwọn ìlà àṣẹ tí olóògbé fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, pẹ̀lú àwòrán tí kò tíì parí, àti ìwé kékeré tí ó kọ èrò rẹ̀ sí. Bí a bá ta kọ̀ǹpútà náà ní ọ̀sẹ̀ kejì ìsìnkú, tí ẹni tí ó rà á sì pa inú rẹ̀ rẹ́, kò sí Obadiah kan ní ayé yìí tí ó lè jí eré náà dìde. Bẹ́ẹ̀ ni bí olóògbé bá fi ọ̀rọ̀ àṣírí ti ẹ̀rọ náà, tí kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Níti ẹ̀tọ́, òfin ilẹ̀ wa kò dákẹ́. Nínú òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé tí a ṣe ní 2022 ní Nàìjíríà, iṣẹ́ ìwé wà lábẹ́ ààbò fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tí ó ṣe é, òfin sì ka àkọsílẹ̀ ètò kọ̀ǹpútà kún iṣẹ́ ìwé. Ẹ̀tọ́ náà a máa bọ́ sí ọwọ́ àwọn ajogún gẹ́gẹ́ bí ilé àti ilẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rẹ́ tí ó bá fẹ́ parí iṣẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó kú ní láti kọ́kọ́ lọ jókòó pẹ̀lú ẹbí, kí wọ́n sì kọ àdéhùn sílẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ jọ ń jẹun nínú àwo kan. Ti Samuel àti Obadiah rọrùn ní ọ̀nà yìí, nítorí ẹbí kan náà ni wọ́n.

Ọ̀nà mìíràn wà tí a fi ń gbé iṣẹ́ òkú jáde, Ìbàdàn yìí náà ni a sì ti lè rí àpẹẹrẹ rẹ̀. Nígbà tí Anna Hinderer kú ní 1870, ó ti fi ọ̀pọ̀ lẹ́tà àti ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ sílẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó wọn jọ, wọ́n sì tẹ̀ wọ́n ní 1872 gẹ́gẹ́ bí ìwé ìrántí ọdún mẹ́tàdínlógún rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n yàn, wọ́n tò, wọ́n sì so wọ́n pọ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ díẹ̀. Ohùn ìyáàfin náà ni a ń gbọ́, òǹkàwé sì lè mọ ibi tí ohùn rẹ̀ ti dúró tí ti ẹlòmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Obadiah kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àkọsílẹ̀ wẹ́wẹ́ kì í ṣe lẹ́tà. Ó ní láti kọ gbólóhùn níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta, kí ó sì tún ìdí ọ̀rọ̀ wá níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n ní orí.

Èyí ni ó fi jẹ́ pé, nígbà tí a bá ń ka ìwé náà lónìí, ọwọ́ méjì ni a ń kà. Àwọn ará Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú àti Ifẹ̀ ti wí tipẹ́ pé ìwé náà fi ojú Ọ̀yọ́ wo gbogbo ayé, wọn kò sì purọ́. Ṣùgbọ́n èwo nínú àwọn ìdájọ́ rẹ̀ ni ó jẹ́ ti àlùfáà tí ó gbé Ọ̀yọ́ fún ogún ọdún, èwo ni ó sì jẹ́ ti dókítà tí ó jókòó ní Èkó, tí ó ti rí i bí ìjọba òyìnbó ṣe fi ẹsẹ̀ múlẹ̀? Níwọ̀n ìgbà tí ìwé ti 1897 kò padà wá, kò sí ìwọ̀n tí a lè fi wọn èkejì. Kì í ṣe àwa nìkan ni irú èyí bá. Nígbà tí Mozart, akọrin ilẹ̀ Austria, kú ní 1791, ó fi orin ìsìn fún àwọn òkú kan sílẹ̀ láìparí. Opó rẹ̀ wá ẹni tí yóò parí rẹ̀, Süssmayr ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni ó parí rẹ̀. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún méjì lọ tí a ti ń kọ orin náà, síbẹ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé kò tíì jáwọ́ nínú ìjà lórí èyí tí í ṣe ti ọ̀gá àti èyí tí í ṣe ti ọmọ ẹ̀yìn. Ní tiwa, a gbà pé ìjà náà sàn ju ìdákẹ́jẹ́ lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí iṣẹ́ òkú wà ní mímọ́ tónítóní, láìsí ọwọ́ ẹlòmíràn lára rẹ̀, ó ní láti gbà pé kò ní sí iṣẹ́ náà rárá. Ohun tí a lè bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó parí rẹ̀ ni kí ó sọ gbangba pé òun fi ọwọ́ kàn án, Obadiah sì sọ ọ́.

Ó parí iṣẹ́ náà, ó dì í, ó sì tún kù kí ó kọjá òkun. Ogun Ńlá ti bẹ̀rẹ̀ ní Yúróòpù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ọdún 1916, a gbé ìwé náà sínú ọkọ̀ Appam ti ilé iṣẹ́ Elder Dempster, tí ń ti Èkó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkọ̀ náà kúrò ní Dakar, kò sì sí ẹni tí ó gbúròó rẹ̀ mọ́. Ọ̀sẹ̀ kọjá, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á mọ́ àwọn tí ó ti rì. Kò rì. Ọkọ̀ ogun Jámánì kan tí ń jẹ́ Möwe, tí ó ṣe ara rẹ̀ bí ọkọ̀ oníṣòwò, ti mú un ní ọ̀nà erékùṣù Madeira. Àwọn Jámánì fi ọmọ ogun díẹ̀ sínú rẹ̀, wọ́n sì yí iwájú rẹ̀ sí ìwọ̀ oòrùn, wọ́n gba orí òkun ńlá kọjá títí wọ́n fi dé etíkun Virginia ní Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì. Ó ju 400 ènìyàn lọ tí ó wà nínú ọkọ̀ náà, gómìnà Sàró sì wà lára wọn. Ní ìsàlẹ̀, láàárín ẹrù, ni ìtàn Odùduwà àti Ṣàngó, ti Àfọ̀njá àti Kúrunmí, ti Ìbàdàn àti Ìjàyè wà.

Ẹ ronú sí i bí ọ̀ràn náà ti rí. Baba àwọn arákùnrin yìí ni a kó sínú ọkọ̀ ẹrú tí ì bá gbé e lọ sí Amẹ́ríkà bí kì í bá ṣe pé a dá a padà sí Sàró. Ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ wá rìn ìrìn àjò tí òun bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Amẹ́ríkà kò tíì wọ ogun nígbà náà, nítorí náà ẹjọ́ dé: ti ta ni ọkọ̀? Àwọn Jámánì ní àwọn fi ogun gbà á, àwọn tí ó ni ín ní kí a dá a padà. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní ilẹ̀ náà, ní oṣù kẹta 1917 ni wọ́n sì dá a pé kí ọkọ̀ àti ẹrù padà sí ọwọ́ àwọn olówó wọn. Ìwé àfọwọ́kọ náà kò dé ibi tí a rán an sí títí nǹkan bí ọdún méjì fi kọjá. Nígbà tí ó sì dé, kò sí pépà. Ogun ti gbà á. Wọ́n ní kí ó dúró títí ogun yóò fi parí. Dókítà náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún dáadáa. Lẹ́ẹ̀kejì ni ìwé náà di àwátì, bí ó bá sì jẹ́ ẹlòmíràn, ó lè wí pé Ọlọ́run kò fẹ́ kí iṣẹ́ náà jáde. Kò wí bẹ́ẹ̀. Ó dúró dè é.

Ó kú ní 1920. Ní ọdún kejì, 1921, ìwé náà jáde lábẹ́ orúkọ ilé ìtàwé C.M.S. ní Èkó, ojú ewé rẹ̀ ju 600 lọ. Apá kìíní sọ̀rọ̀ nípa èdè, ilẹ̀, oyè àti ìṣe àwọn ènìyàn. Apá kejì, tí ó gùn jù, pín ìtàn sí ìgbà mẹ́rin, láti ọ̀dọ̀ àwọn ọba ìgbà ìwáṣẹ̀ títí dé ìgbà tí ìjọba òyìnbó wọlé. A ti tún un tẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà. Àwọn ìyàwó ilé tí wọ́n ń ra ìwé ilé ìwé fún àwọn ọmọ wọn mọ ìrísí rẹ̀ dáadáa, àwọn baálé sì mọ bí a ti í yá a lọ láìdá a padà.

Ẹni tí ó bá ní ẹ̀dà kan nílé, kí ó ṣí ojú ewé àkọlé rẹ̀ wò. Obadiah lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ìwé náà, ó tún gbogbo rẹ̀ kọ, ó rán an, ó pàdánù rẹ̀, ó rí i padà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú, kò lè jiyàn, kò sì sí ẹ̀dà ti àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni lè fi wé e. Bí ó bá fẹ́, ó lè fi orúkọ ara rẹ̀ ṣáájú, tàbí kí ó kọ orúkọ àwọn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ohun tí a kọ síbẹ̀ ni pé Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́ ni ó kọ ìwé náà. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni orúkọ Dókítà O. Johnson ti Èkó wà, gẹ́gẹ́ bí olóòtú.